Ìpele Jọ́nímàn Nínú Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì: Ìtàn Ìwádìí Lẹ́yìn Oyè Ọ̀mọ̀wé àti Ohun Tó Kan Ilẹ̀ Yewa Níbẹ̀

Ìfáàrà

Ẹni tó bá mọ ètò iṣẹ́ ọwọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá lóde òní mọ̀ pé ìpele mẹ́ta ni ọmọṣẹ́ ń gbà kọjá kí ó tó dá dúró. Lákọ̀ọ́kọ́, yóò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá fún iye ọdún tí àwọn òbí rẹ̀ àti ọ̀gá náà bá jọ fẹnu kò sí. Lẹ́yìn èyí ni yóò ṣe fírídọ̀mù, tí wọn yóò gbàdúrà fún un, tí ọ̀gá yóò sì fà á lé àwọn òbí rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí télọ̀ tàbí mẹkáníìkì bá ṣe fírídọ̀mù lónìí, ó ṣọ̀wọ́n kí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́la. Púpọ̀ nínú wọn ni yóò kọ́kọ́ ṣe jọ́nímàn. Wọn yóò máa bá ọ̀gá mìíràn ṣiṣẹ́, wọn yóò máa gba owó iṣẹ́ wọn, wọn yóò máa lo ẹ̀rọ tí apá tiwọn kò tí ì ká láti rà, wọn yóò sì máa rí àrà tí ọ̀gá wọn àkọ́kọ́ kò mọ̀ ọ́n dá. Ẹni tí kò ṣe jọ́nímàn rárá lè di ọ̀gá, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ti ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ṣoṣo bọ̀ náà ni yóò máa tà títí ayé.

Nínú ìmọ̀ físíìsì, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti ìmọ̀ ṣíṣe ẹ̀rọ, irú ìpele yìí wà. Òun ni ìwádìí lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé: ọdún kan, méjì tàbí mẹ́ta tí ẹni tó ti gba oyè náà tán yóò fi ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí ẹlòmíràn, tí wọn yóò máa sanwó fún un, tí ẹrù ìkọ́ni kò sì ní í pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ètò náà kò pẹ́ púpọ̀ láyé. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1919 ni àjọ Rockefeller bẹ̀rẹ̀ sí í gbé owó kalẹ̀, nípasẹ̀ National Research Council, fún àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì àti kẹ́mísírì. Nígbà tó fi máa di àárín ọ̀rúndún ogún, ọ̀nà àbáwọlé sí iṣẹ́ onímọ̀ físíìsì ti di èyí tí kò ṣeé yà sílẹ̀ fún. Jámánì tún àjọ Humboldt dá sílẹ̀ ní 1953 láti máa gba àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè lálejò fún iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àjọ náà sì ṣí ọ̀nà tí ó fi orúkọ Georg Forster pè fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà.

Ní agbègbè ààlà Yewa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ìtàn yìí gba ibòmíràn. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fi ìpìlẹ̀ sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ọwọ́ lélẹ̀ ti wà ní Ayétòrò láti 1963. Èyí tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ti wà ní Ìlaró láti 1979. Ìpele jọ́nímàn ni kò sí nílé. Ibi tí ó wà sì súnmọ́ tòsí ju bí àwọn ènìyàn ti ń rò ó lọ.

Ayétòrò àti Ìlaró

Comprehensive High School ti Ayétòrò bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Àjọ USAID ti Amẹ́ríkà ràn án lọ́wọ́, Yunifásítì Harvard sì bá wọn dá sí ètò rẹ̀. Èrò tó wà nídìí ilé-ẹ̀kọ́ náà rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ó ta ko àṣà ẹ̀kọ́ ìgbà náà. Abẹ́ òrùlé kan náà ni ọmọ tó fẹ́ di dókítà, èyí tó fẹ́ di àgbẹ̀, èyí tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ òwò àti èyí tó fẹ́ di oníṣẹ́ irin yóò ti máa kàwé, ọmọ tó ń kọ́ físíìsì kò sì gbọdọ̀ sá fún òòlù àti ayùn. Lójú ọ̀pọ̀ òbí nígbà náà, ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ni iyì wà. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wà fún ọmọ tí ìwé kò wọ̀ lórí. Ìpínyà yìí ni Ayétòrò fẹ́ parẹ́.

Àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ nípa ìlànà ẹ̀kọ́ mọ orúkọ Ayétòrò dáadáa nítorí ipa tí ó kó nínú bí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ àwùjọ ṣe wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà. Ìhà sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ ni a kì í sábà mẹ́nu bà, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni orílẹ̀-èdè padà gbà wọlé. Nígbà tí Ìlànà Ìjọba Àpapọ̀ lórí Ẹ̀kọ́ jáde ní 1977, tí ètò 6-3-3-4 sì bẹ̀rẹ̀ ní 1982, gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì kékeré ni ó di dandan fún láti kọ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kì í ṣe tuntun sí olùkọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ìjọba ra ẹ̀rọ láti òkè òkun, wọ́n kó wọn dé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ nínú àpótí, ọ̀pọ̀ nínú àpótí náà ni kò sì ṣí rárá, nítorí kò sí ilé tí wọn yóò tò wọ́n sí, kò sí iná mànàmáná, kò sì sí olùkọ́ tó mọ̀ wọ́n ọ́n lò. Ní Ayétòrò, olùkọ́ àti irinṣẹ́ ni wọ́n jọ pèsè. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni kò bá àwọn àpótí náà rin ìrìn àjò.

Federal Polytechnic ti Ìlaró wà lára àwọn tí òfin nọ́ńbà 33 ti ìjọba ológun fi ìdí wọn múlẹ̀ ní 1979. Ìwé-ẹ̀rí ND àti HND ni wọ́n fi ń dá ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n pólì kì í fúnni ní oyè ọ̀mọ̀wé. Olùkọ́ tó bá fẹ́ oyè náà ní láti gba yunifásítì lọ, bóyá ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Èkó tàbí Ifẹ̀, tàbí kí ó ré kọjá òkun. Owó-orí ẹ̀kọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ láti 1993, tí TETFund wá ń bójú tó lábẹ́ òfin 2011, ti rán ọ̀pọ̀ olùkọ́ pólì àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ lọ sí irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Wọ́n lọ, wọ́n gbà á, wọ́n padà.

Ibi tí wọ́n padà sí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ tó wà ní yàrá àyẹ̀wò tí wọ́n bá nílé jẹ́ èyí tí a fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ND ní bí iná ṣe ń ṣàn nínú wáyà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi kọ ìwé oyè wọn kò sí níbẹ̀. Wákàtí ìkọ́ni pọ̀, ìwé ìdánwò tó yẹ kí wọ́n máàkì ga bí òkè. Bí ẹnì kan nínú wọn bá sọ pé òun fẹ́ lọ lo ọdún méjì sí i ní yàrá ìwádìí kan níbòmíràn, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ bá a, nílé àti ní ọ́fíìsì, ni pé oyè wo ló tún kù tó fẹ́ gbà. Kò sí èsì kan tó rọrùn fún ìbéèrè yìí, nítorí ìwádìí lẹ́yìn oyè kì í fúnni ní ìwé-ẹ̀rí tuntun. Fírídọ̀mù nìkan ni ètò ìgbéga mọ̀. Kò mọ jọ́nímàn.

Ojú Ọ̀run Ìbàdàn

Bẹ́ẹ̀, ìgbà kan wà tí iṣẹ́ ìwádìí físíìsì tó gbajúmọ̀ láyé ṣeé ṣe nílé yìí láìsí pé ènìyàn gun ọkọ̀ òfurufú. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948 lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, kò ní owó ẹ̀rọ ńláńlá tí wọ́n ń fi fọ́ átọ́ọ̀mù. Ohun tó ní ni ibi tí ó wà. Ìlà agbedeméjì òòfà ayé, èyí tó yàtọ̀ sí ìlà agbedeméjì ayé tí a ń kọ́ nínú jọ́gíráfì, gba àríwá Nàìjíríà kọjá, Ìbàdàn kò sì jìnnà sí i. Ní òkè ibẹ̀, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà sókè, ìtànṣán oòrùn ń sọ afẹ́fẹ́ di ohun tí iná mànàmáná lè gbà kọjá, iná náà sì ń ṣàn bí odò láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn lọ́sàn-án. Sydney Chapman ló sọ odò yìí lórúkọ ní 1951: equatorial electrojet.

Ní ọdún kan náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ ní Ìbàdàn tó ń rán ìgbì rédíò lọ sókè, tó sì ń ka àkókò tí ìgbì náà fi padà wálẹ̀, kí wọ́n lè mọ bí ìpele afẹ́fẹ́ òkè náà ṣe ga tó àti bí ó ṣe nípọn tó. Àwọn olùkọ́ bíi N. J. Skinner, R. W. H. Wright àti A. J. Lyon gbé iṣẹ́ tó ti ibẹ̀ jáde sí àwọn jọ́nà àgbáyé. Nígbà tí Ọdún Físíìsì Ilẹ̀ Ayé Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje 1957, tó sì parí ní ìparí 1958, àkọsílẹ̀ Ìbàdàn wà lára ohun tí gbogbo ayé ń lò. Àárín àkókò yìí ni Sputnik gòkè, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 1957, tí ìgbì rédíò rẹ̀ sì ń gba inú ìpele afẹ́fẹ́ náà wá sílẹ̀.

Ọmọ Nàìjíríà tó jàǹfààní jù lọ nínú èyí ni Agodi Onwumechili. Ìbàdàn ló ti fi ẹ̀rọ ìwọ̀n òòfà wádìí odò iná náà, tí ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ti Lọ́ńdọ̀nù lórí rẹ̀ ní 1958. Ní 1959 ni iṣẹ́ rẹ̀ lórí electrojet jáde nínú jọ́nà. Ó di Gíwá Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1979 sí 1982, ìwé ńlá tó kọ lórí odò iná náà sì jáde ní 1997, ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́sàn-án lẹ́yìn oyè náà. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ títí dé ìgbà àgbà, lórí ojú ọ̀run ilé. Lónìí, ìrúkèrúdò tí àwọn ará Ìbàdàn ròyìn rẹ̀ ní 1961, èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ òkè lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ni ó ń da ìwọ̀n GPS láàmú ní agbègbè yìí. Awakọ̀ òfurufú àti awọn ilẹ̀ ní láti mọ̀ nípa rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò di ìtàn àtijọ́.

Ohun kan ni a rí kọ́ níbẹ̀ nípa ìpele jọ́nímàn. Ìbàdàn lágbára nítorí ó ní ohun tí ibòmíràn kò ní, tí àwọn àlejò fi ní láti wá síbẹ̀.

Salam àti Trieste

Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ yìí lọ́kùn-únkúndùn ju ẹnikẹ́ni lọ láàárín àwọn onímọ̀ físíìsì kì í ṣe ọmọ Áfíríkà. Abdus Salam, ọmọ Pakísítánì, ti ṣe iṣẹ́ tó mú kí orúkọ rẹ̀ kárí ayé ní Cambridge kí ó tó padà sí Lahore ní 1951 láti máa kọ́ni. Ní Lahore, kò rí ẹni tí wọn yóò jọ sọ̀rọ̀ lórí físíìsì tó ń ṣe. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà sọ fún un pé kí ó wá iṣẹ́ kan mọ́ ìkọ́ni, ohun tó sì mú nínú èyí tí wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀ ni àbójútó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Nígbà tí ó lọ sí Bombay láti rí Wolfgang Pauli, wọ́n fi ìyà jẹ ẹ́ pé kò gba àyè. Ní 1954 ó padà sí Cambridge. Ó ní méjì ni òun ní láti yàn, físíìsì tàbí ilé; ó yan físíìsì, ó sì ń dùn ún.

Olùkọ́ pólì tàbí ti kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá ka ìtàn yìí kò ní í béèrè àlàyé. Yíyàn kan náà ni ọ̀pọ̀ ń dojú kọ, ọ̀rọ̀ jápa tó gba ẹnu ọ̀dọ́ kan lẹ́yìn 2020 sì ti di orúkọ fún apá kan nínú rẹ̀.

Salam kò fi mọ sí ìráhùn. Ní 1964, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ àgbáyé lórí agbára átọ́ọ̀mù àti ìjọba Ítálì, ó dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí físíìsì sílẹ̀ ní Trieste. ICTP ni wọ́n ń pè é. Ọgbọ́n tó dá síbẹ̀ ni ti àwọn alábàáṣe: ọ̀mọ̀wé tó ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà yóò máa wá sí Trieste lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún mélòó kan, yóò lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan nínú ilé ìkàwé àti láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò sì padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ nílé. Kì í ṣe pé wọ́n gbà á kúrò nílé. Wọ́n ń yá a fún ìgbà díẹ̀ ni. Èyí yàtọ̀ sí jọ́nímàn ti Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù, nítorí ẹni tó bá lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀ yóò ti fìdí kalẹ̀, ìyàwó àti ọmọ yóò ti mọ́ra, àyè tó fi sílẹ̀ nílé yóò sì ti di ti ẹlòmíràn.

Salam gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú Sheldon Glashow àti Steven Weinberg ní 1979, ọdún kan náà tí wọ́n dá pólì Ìlaró sílẹ̀. Ní 1983 ó darí ìdásílẹ̀ àjọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí a mọ̀ sí TWAS, èyí tó wá ṣètò àyè ìwádìí lẹ́yìn oyè ní Íńdíà, Brazil àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí kì í ṣe ti aláwọ̀ funfun. Ó kú ní 1996, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe ilé Trieste ní 1997.

Àkókò tí ilé náà wúlò jù fún Nàìjíríà ni lẹ́yìn 1986. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ọdún náà já iye náírà wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí jọ́nà tí yunifásítì ń rà ní owó pọ́ọ́kú tẹ́lẹ̀ fi di ohun tí wọn kò lè san owó rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ kò rí ohun èlò tí wọn yóò fi tún un ṣe. Fún onímọ̀ físíìsì tó pinnu pé òun kò ní í lọ, oṣù méjì ní Trieste ni ó ń fi kà ìwé ọdún mẹ́ta.

Awójọbí, Ifẹ̀ àti Ohùn Èdè Yorùbá

Ní ti ìmọ̀ ṣíṣe ẹ̀rọ, àpẹẹrẹ tí kò ṣeé fò ni Ayọ̀délé Awójọbí. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1966, ó padà sí Yunifásítì Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ Lọ́ńdọ̀nù náà sì fún un ní oyè DSc ní 1974 lórí ìwádìí tó ti ṣe. Àwọn tí kò lè ka ìṣirò rẹ̀ mọ̀ ọ́n nípa ọkọ̀ Opel rẹ̀ tó yí ìdarí rẹ̀ kúrò ní ọwọ́ ọ̀tún sí òsì, àti ọkọ̀ Autonov 1 tó lè fi gbogbo jíà rẹ̀ sáré síwájú àti sẹ́yìn. Ó kú ní 1984, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ọkọ̀ náà kò di ohun tí ilé-iṣẹ́ kankan ń ṣe. Ọ̀gá kan wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ jọ́nímàn tí owó ń wọlé fún, tí wọn ì bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n sì tẹ̀ síwájú. Ibi tí ìsọ̀rí ẹ̀kọ́ kan bá ti dá lé ẹnì kan ṣoṣo, ikú ẹni náà ni òpin rẹ̀.

Ní Ilé-Ifẹ̀, nǹkan gba ọ̀nà mìíràn. Ní àárín àwọn ọdún 1990, ICTP bá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣiṣẹ́ lórí lílo rédíò láti so àwọn kọ̀ǹpútà inú ọgbà pọ̀, nígbà tí wáyà tẹlifóònù kò ṣeé gbọ́kàn lé, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Ní àwọn ọdún 2000, pẹ̀lú owó àjọ Carnegie, Ifẹ̀ àti MIT ti Amẹ́ríkà jọ ṣe iLab: akẹ́kọ̀ọ́ yóò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, yóò sì máa darí ẹ̀rọ àyẹ̀wò gidi tó wà níbòmíràn. Kò pẹ́ tí àwọn ará Ifẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iLab tiwọn. Fún ilé-ẹ̀kọ́ tí àpótí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ṣí láti 1982, èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Iṣẹ́ kan tó yẹ kí olùkọ́ èdè Yorùbá mọ̀ dáadáa tún jáde láti Ifẹ̀. Ní 2008, jọ́nà Computer Speech and Language tẹ ìwé tí Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ti Ifẹ̀ kọ pẹ̀lú Shun Ha Sylvia Wong àti Anthony Beaumont ti Yunifásítì Aston ní Birmingham. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa ka Yorùbá síta pẹ̀lú ohùn tó tọ́. Ìṣòro rẹ̀ yé ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ ọmọ ní àmì ohùn. Ohùn òkè inú gbólóhùn kan kì í dúró sójú kan: èyí tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn sábà máa ń ga ju èyí tó wà ní ìparí lọ, ohùn ìsàlẹ̀ tó bá ṣáájú rẹ̀ sì máa ń fà á wálẹ̀. Bí a bá fún kọ̀ǹpútà ní ìwọ̀n kan fún òkè, ọ̀kan fún àárín, ọ̀kan fún ìsàlẹ̀, ohun tí yóò jáde kò ní í jọ Yorùbá létí ẹni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi igi ìbátan ṣàpèjúwe bí ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe ga sí èkejì, wọ́n sì lo ìṣirò tó fàyè gba ohun tí kò dá ṣáká láti fún un ní ìwọ̀n. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni, ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè sì ni. Kò sí ẹni tó lè ṣe é ní Birmingham nìkan, ìdí nìyí tí Ifẹ̀ kò fi jẹ́ ọmọṣẹ́ nínú rẹ̀. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run Ìbàdàn.

Ìkọjá Bodè

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé kan ní Paris tó pín ilẹ̀ yìí sí méjì. Kétu, Ṣakẹ́tẹ́ àti Pọ́bẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ Faransé. Ìlaró, Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn ìdílé tó ní oko lápá kan àti ilé lápá kejì kò ṣàjèjì sí ará Yewa. Ohun tí kò tíì wọ inú ìtàn náà ni ohun tí ìlà yẹn ṣe sí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Ní 1988, onímọ̀ ìṣirò Jean-Pierre Ezin darí ìdásílẹ̀ Institut de Mathématiques et de Sciences Physiques ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. ICTP ti Trieste wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ náà, tí ó wà ní Dangbo lẹ́bàá Àjàṣẹ́, ń kọ́ àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Áfíríkà títí dé oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò, físíìsì àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ní 2014, nígbà tí Báńkì Àgbáyé yan àwọn ibùdó ìmọ̀ tó ta yọ ní Áfíríkà, wọ́n yan ti Dangbo, wọ́n sì yan ibùdó ìmọ̀ kọ̀ǹpútà Ifẹ̀, OAK-Park, nínú ètò kan náà. Ní Cotonou, lábẹ́ Yunifásítì Abomey-Calavi, ipò àga UNESCO kan tún wà fún físíìsì oníṣirò, tí Mahouton Norbert Hounkonnou darí, tó ń pe àwọn onímọ̀ láti gbogbo ayé jọ.

Bí ènìyàn bá fi rúlà wọ̀n ọ́n lórí máàpù, Dangbo súnmọ́ Ìlaró ju Ìbàdàn lọ dáadáa, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà ju Akoka ní Èkó lọ. Ní ti Ifẹ̀, kò tilẹ̀ ṣeé fi wé e. Síbẹ̀, nígbà tí olùkọ́ Ìlaró bá ń ronú ibi tí òun lè lọ ṣe ìwádìí lẹ́yìn oyè, ọkàn rẹ̀ yóò dé Birmingham àti Texas kí ó tó rántí Dangbo, bí ó bá rántí rẹ̀ rárá.

Kì í ṣe òfin ló fa èyí. Àdéhùn ECOWAS lórí ìrìn àjò, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Dakar ní oṣù karùn-ún 1979, fàyè gba ọmọ Nàìjíríà láti wọ Bẹ̀nẹ̀ kí ó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìsí físà. Ìyẹn tó àkókò tí alábàáṣe Trieste ń lò. Lóòótọ́, ìjọba Nàìjíríà ti bodè pa ní oṣù kẹjọ 2019. Wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀ ní oṣù kejìlá 2020, ti Ìdí-Ìrókò kò sì ṣí títí di oṣù kẹrin 2022. Àwọn oníṣòwò ló jìyà rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ṣáájú kí wọ́n tó tì í, àwọn ọ̀mọ̀wé kò tò síbi bodè.

Èdè ni ìdènà náà. Ẹ̀kọ́ Dangbo, ìwé ìbéèrè fún àyè níbẹ̀ àti ọ̀rọ̀ inú yàrá ìwádìí, Faransé ni. Ọmọ Ìlaró lè fi Yorùbá ra ọjà ní Ṣakẹ́tẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, kò sì ní í bá ẹnikẹ́ni sọ Faransé. Kò lè fi Yorùbá jókòó síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí kúántọ́ọ̀mù, nítorí apá méjèèjì kò tíì fi Yorùbá kọ́ni dé ibẹ̀. Èdè òyìnbó méjì ló pín àwọn ọmọ ìyá kan náà níyà ní ojú ọ̀nà ìmọ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń kí ara wọn ní ọjà.

Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ Faransé ní Nàìjíríà máa ń lọ sí Lomé tẹ́lẹ̀ láti gbé láàárín àwọn tó ń sọ èdè náà. Nígbà tí náírà kò ká ìrìn àjò náà mọ́, ìjọba àpapọ̀ dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjàrà, ní Àgbádárìgì, ní 1991. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè Faransé láti yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń rán lọ síbẹ̀. Kò sí ohun tó ní kí olùkọ́ físíìsì tàbí ti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà má lọ lo ìsinmi kan níbẹ̀ kí ó tó kọ̀wé sí Dangbo, bí ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá gbà pé oṣù mẹ́ta ní yàrá ìwádìí, láìsí oyè tuntun ní ìparí rẹ̀, jẹ́ iṣẹ́. Láti Àjàrà sí Dangbo, ọ̀nà náà kò gùn. Bodè Sẹ̀mẹ̀ ló wà láàárín.